Sátífíkéètì Orí Àjà

Ohun tí Lọ́ládé ń retí láti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn kò ju gbólóhùn kan lọ: "Inú àpótí mi ló wà." Kí ìyá ṣí àpótí, kí ó mú àpò ìwé jáde, kí oníkálukú lọ jẹun. Ṣùgbọ́n nínú ilé Adéjọbí ní Òkìtìpupa, ìgbà wo ni nǹkan rọrùn báyẹn rí? Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, kò rọrùn rí.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní Àbámẹ́ta, wọ́n pe Lọ́ládé lórí fóònù láti ilé-ìwé aládàáni kan ní Àkúrẹ́ pé ó yege nínú ìdánwò tó wá ṣe lọ́dọ̀ wọn, pé àwọn fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Kí ó wá láàárọ̀ Ajé, ní aago mẹ́wàá, kí ó sì kó ojúlówó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dání. "Ẹ̀dà kọ́ o," ni obìnrin tó pè é tẹnu mọ́ ọn. "Tá ò bá rí ojúlówó, ẹni tó tẹ̀ lé ọ la máa pè."

Ọdún méjì gbáko! Ọdún méjì ni Lọ́ládé ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tó ti wà lábẹ́ òrùlé bàbá rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Àyèká, iṣẹ́ tó jẹ́ pé omi imú àwọn ọmọ ló ń nù ju ìwé tó ń kọ́ wọn lọ. Bó bá ti ibẹ̀ dé, á ró aṣọ mọ́yà, á bá ìyá rẹ̀ bó ẹ̀gẹ́, á bá a fún ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀ nínú omi, á bá a mọ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín yan, róbótó róbótó, á tò ó sórí àjà onígi, á koná sí i lábẹ́. Èéfín á wọ̀ ọ́ lójú, á wọ̀ ọ́ nírun, á tún lọ bá aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tó fi kọ́ sínú yàrá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ka ìṣirò jáde ní yunifásítì, ló wá ń run bí ẹja yíyan. Ó ti sú u. Ó sú u pátápátá. Iṣẹ́ Àkúrẹ́ yìí ni ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tó rí.

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà tó fi bi ìyá rẹ̀ léèrè.

"Màmá, àpò ìwé mi dà?"

Aníwúrà, ìyá rẹ̀, ń tú gèlè lọ́wọ́. "Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí mo kó fún yín nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀. Ẹ ṣáà ní ẹ̀yin lẹ máa bá mi tọ́jú ẹ̀, ẹ ní mo máa sọ ọ́ nù."

"O máa sọ ọ́ nù náà ni. Ṣé o ti gbàgbé fóònù tó o jù sínú kànga ni? Kọ́kọ́rọ́ ilé ńkọ́, èyí tó o sọ nù sọ́jà Ìlútítun, tí bàbá rẹ fi gba ojú fèrèsé wọlé bí olè—"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ìwé mi!"

"Mo gbé e pamọ́ síbi tó dáa."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Bí Aníwúrà bá ti ní òun gbé nǹkan síbi tó dáa, kí olóhun yára bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ó ti gbé gíláàsì bàbá wọn síbi tó dáa rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá fi ń na Bíbélì sọ́nà jíjìn kí ó tó lè kà á, kí wọ́n tó rí gíláàsì nísàlẹ̀ àpò ìrẹsì. Ó ti gbé ẹran Ọdún Àjíǹde síbi tó dáa rí, òórùn ló júwe ọ̀nà fún wọn.

"Ibi tó dáa wo, Màmá?"

"Orí àjà."

"Àjà wo?"

"Àjà mélòó ló wà nílé yìí? Orí àjà púpurú. Igun ọwọ́ òsì, lẹ́yìn àwọn tó ti gbẹ."

Lọ́ládé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo ojú ìyá rẹ̀ tí kò rí àwàdà kankan níbẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ni àjà yẹn wà, igi tí bàbá wọn tò mọ́ra wọn lórí òpó mẹ́rin, tó ga ju orí ènìyàn lọ. Ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ ni iná fi ń jó lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni Aníwúrà máa ń pa á. Lọ́ládé gun àpótí ìjókòó, ó na ọwọ́ kọjá àwọn púpurú tó dúdú kirikiri, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ títí ó fi kan nǹkan rírọ̀ kan. Ó fà á. Gbogbo èérú ọdún méjì ló bá a wálẹ̀, ó dà sí i lójú, ó dà sí búláòsì funfun tó fi lọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láàárọ̀.

Àkísà ànkárá ni wọ́n fi di ẹrù náà. Ó tú u. Àpò ìwé tó funfun nígbà tó fi í lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ti di àwọ̀ tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ó fa sátífíkéètì yunifásítì jáde, òun náà ti pọ́n. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ṣeé kà. Ṣùgbọ́n etí ìwé náà ti dúdú, àárín rẹ̀ sì pọ́n yẹ́ú. Àti òórùn! Ẹ gbà mí! Bí ènìyàn bá di ojú rẹ̀, á ní ọbẹ̀ marúgbó tí wọ́n fi ń jẹ púpurú ló kù kí wọ́n gbé wá.

Lọ́ládé figbe ta. Àbúrò rẹ̀, Judith, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, sáré wá. Bàbá wọn náà jáde tòun ti tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn.

"Ẹ wá wo ohun tí Màmá ṣe fún mi! Ẹ wá wò ó! Ó yan sátífíkéètì mi!"

"Èmi ò yan nǹkan kan," ni Aníwúrà wí láti ẹnu ọ̀nà. "Igun ni mo gbé e sí. Iná kì í dé igun."

"Èéfín ńkọ́, Màmá? Èéfín kì í dé igun ni?"

"Èéfín ni mo tìtorí ẹ̀ gbé e síbẹ̀. Ikán kì í dé ibi tí èéfín bá wà."

"Ikán wo? Ikán wo ló wà nínú ilé oní-sìmẹ́ńtì?"

Bàbá wọn gba ìwé náà, ó gbé e sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Adéjọbí kì í ṣaláìní àbá lórí ọ̀rọ̀ kankan. "Ẹ sá a sóòrùn," ni ó wí. "Kó tó dìrọ̀lẹ́, á ti padà sípò."

Wọ́n sá a sóòrùn. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà, Lọ́ládé sì jù ú ní bàtà. Ẹsẹ̀ bàtà náà bọ́ sínú agbada omi ẹ̀gẹ́. Judith ní kí àwọn fi kànrìnkàn tútù nù ún díẹ̀, Lọ́ládé ní tó bá fọwọ́ kàn án, òun á gbá a létí. Kò fọwọ́ kàn án lóòótọ́. Lọ́fínńdà ló lọ gbé nínú yàrá, tó fín in sí i yíká kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó yíjú padà.

"Àǹtí mi, mo ní kí n ràn yín lọ́wọ́ ni," ni Judith ń wí, tó ń fẹ̀yìn rìn.

Ṣé ẹ ti gbóòórùn èéfín púpurú àti lọ́fínńdà òdòdó pọ̀ rí? Ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Lọ́ládé gbé ìwé náà símú, ó sì yára mú un kúrò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú èérú pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Tó bá kọ̀wé sí yunifásítì láti gba òmíràn, oṣù mélòó ni? Wákàtí mélòó ló kù kó di Ajé?

Ìyá rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Lọ́ládé, ìwé tó ṣeé kà ni. Àwọ̀ kọ́ ni wọ́n ń kà. Ṣé ihò kankan wà lára ẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé Lọ́ládé ka iná. Ó fò dìde.

"Ẹ ò tiẹ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe! Ẹ ò kàwé, Màmá! Tó bá jẹ́ pé ẹ kàwé ni, ẹ ò ní gbé sátífíkéètì ọmọ yín lé orí iná bíi púpurú!"

"Lọ́ládé, dákẹ́!" Bàbá wọn ló kígbe bẹ́ẹ̀, bàbá tí kì í pariwo, tí ó jẹ́ pé tí ó bá fẹ́ bá ènìyàn wí, á kọ́kọ́ wá ìjókòó. "Dákẹ́ ẹnu ẹ! Tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyá rẹ!"

Lọ́ládé kò tọrọ gáfárà. Inú bí i jù. Aníwúrà náà kò sì bá a jà. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá èérú tó dà sílẹ̀. Nígbà tó gbá a tán, ó fa àwo ẹ̀gẹ́ mọ́ra, ó mú ọ̀bẹ, ó sì ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ohun tí kò sẹ́ni tó rí i kó ṣe rí nílé yẹn. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni ó ń bó o.

Láàárọ̀ Ajé, kí àkùkọ tó kọ tán, Aníwúrà ti jí. Ó ti pọn omi ìwẹ̀ sí balùwẹ̀, ó ti fi irin oníná èédú lọ aṣọ Lọ́ládé, ó sì ti di ẹ̀wà àti dòdò sínú kúlà kékeré. Ó kó gbogbo ìwé náà jọ sínú àkísà ànkárá wọn, ó fi ọ̀rá dì í lé e.

"Gbà, kó gbogbo ẹ̀ lọ," ni ó wí. "O ò mọ èyí tí wọ́n máa bèèrè."

Lọ́ládé gbà á. Ó kúnlẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ kò dé ilẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ó dàbọ̀ o, Màmá," ó sì ń lọ. Kò mú kúlà. Ó rí i, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Ó ti dé gáréèjì kí ebi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á bó ti tọ́.

Nínú mọ́tò, ó gbé ìdì náà lé orí itan. Wọn ò tíì dé Ọ̀rẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà fi ṣí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ń fa imú ṣín-ín ṣín-ín. Ìyá àgbà kan tó jókòó ti Lọ́ládé wo ìdì náà, ó wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi, púpurú rẹ yìí, ṣé títà ni?"

"Kì í ṣe púpurú, Ìyá."

"Má fi pa mọ́ fún mi. Ìkọ̀yà ni wọ́n ti bí mi, mo mọ òórùn ilé mi. Tà á fún mi kí o tó débẹ̀, àwọn ará Àkúrẹ́ ò mọ iyì ẹ̀."

"Ìyá, ìwé ni! Sátífíkéètì ni!"

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹ̀yìn ní irú ìwé wo ni wọ́n ń yan ní Òkìtìpupa báyìí, tí wọ́n bá rò ó, ṣé ó ń fa bíi púpurú tàbí kò fa. Lọ́ládé yíjú sí fèrèsé, ojú ń tì í, inú ń bí i, ebi ń pa á. Ó wí fún ara rẹ̀ pé tí iṣẹ́ yìí bá bọ́, òun ò ní dárí ji ìyá òun láé. Ó sì rò pé òótọ́ lòun sọ.

Aago mẹ́wàá kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà. Màdáámù Mọ̀dínátù ni wọ́n ń pè é, obìnrin tó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, tó wọ ìbòrí aláwọ̀ ewé, tí gíláàsì rẹ̀ sì wà ní ìdajì imú. Ó yẹ́ Lọ́ládé sí, ó ní kó jókòó, ó sọ fún un pé ìdánwò rẹ̀ dára ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. Lẹ́yìn náà ni Lọ́ládé na sátífíkéètì sí i.

Màdáámù gbà á. Ó gbé imú sókè. Ó wo fáànù, ó wo ojú fèrèsé, ó tún wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló ń rùn báyìí? Ṣé ilé yín jóná ni?"

"Rárá, Mà. Èéfín ni."

"Èéfín báwo?"

Màdáámù fi ìwé náà lélẹ̀ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Jẹ́ kí n sọ fún ọ, ọmọ yìí. Mo ti ń gba olùkọ́ síṣẹ́ ó ti lé lógún ọdún. Àwọn kan wà tí wọ́n ń rẹ ìwé nínú tíì, tí wọ́n ń rá a lórí iná, kí a má bàa rí ibi tí wọ́n ti fá orúkọ olórúkọ kúrò. Ọ̀kan jókòó lórí àga tó o wà yẹn lọ́dún tó kọjá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ kọ́?"

"Tèmi ni, Mà! Mo búra, tèmi ni!"

"Kó gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn jáde."

Lọ́ládé tú ànkárá. Ó kó wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé àgùnbánirọ̀, ìwé ìbí, èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn pọ́n. Bó ṣe fa èyí tó kẹ́yìn, ọ̀rá pẹlẹbẹ kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó já bọ́ sórí tábìlì. Kò rí i rí. Ìwé méjì ló wà nínú ọ̀rá náà, ikán sì ti jẹ méjèèjì débi pé èyí tó ṣẹ́ kù lára wọn kò tó ìdajì. Ihò wà lára wọn bí ihò asẹ́.

Màdáámù ló kọ́kọ́ mú un. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Aníwúrà Mákánjúọlá," ni ó kà. "Ta ni ìyẹn? Ìwọ kọ́ nìyí. Ìwé ẹlòmíràn lo tún ń gbé kiri?"

Lọ́ládé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá ni, ti ọdún 1991. Ikán ti jẹ orúkọ ilé-ìwé, ó ti jẹ nọ́ńbà, ó ti jẹ èsì èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣùgbọ́n ìlà ìṣirò ṣẹ́ kù: A2. B3 ni Lọ́ládé fúnra rẹ̀ gbà nínú ìṣirò nígbà tó ṣe tirẹ̀, tó sì fi ń yangàn kiri ilé, tí ìyá rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìwé kejì jẹ́ lẹ́tà láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan. Wọ́n ní àwọn ti gba Aníwúrà Mákánjúọlá láti wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Wọ́n ní kí ó wá lọ́jọ́ Ajé, kí ó sì mú ojúlówó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dání. Lẹ́yìn "ojúlówó", ihò ni.

Lọ́ládé kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé ihò kankan wà lára ẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í lánàá. Òun náà sì dáhùn, ó dáhùn níwájú bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Ó rántí ohun tó fi dáhùn.

"Mo ní ta ni," ni Màdáámù tún wí.

"Ìyá mi ni, Mà."

"Olùkọ́ ni ìyá rẹ?"

"Púpurú ni wọ́n ń ṣe, Mà. Ikán jẹ ìwé wọn. Mi ò mọ̀. Wọn ò sọ fún mi rí." Omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì nù ún. "Àwọn ló gbé tèmi sórí àjà tí wọ́n ti ń yan púpurú, kí ikán má bàa jẹ tèmi náà. Mo bú wọn, Mà. Lánàá òde yìí. Mo ní wọn ò kàwé."

Màdáámù gba ìwé tí ikán jẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka tẹ ibi tí A2 wà, ó ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi ẹni tó ń fọwọ́ kan egbò. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú sátífíkéètì Lọ́ládé lọ sójú fèrèsé, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ òǹtẹ̀ tó yọ lára rẹ̀ yíká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó padà wá, ó tẹ nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, ó fi nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ wé ti ara ìwé.

"Kò sí ibi tí wọ́n fá," ni ó wí. Ó fa ìwé kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. "Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni kí o bẹ̀rẹ̀. Bá mi kí ìyá rẹ. Kò sì gbọdọ̀ sí ìwé ìdánwò ọmọ kankan nílé-ìwé mi tó máa bá ọ dé Òkìtìpupa o."

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Lọ́ládé délé. Iná ti ń jó lábẹ́ àjà. Ìyá rẹ̀ kẹ́yìn sí i, ó ń yí púpurú padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kúlà ẹ̀wà àti dòdò wà lórí àpótí ìjókòó níbi tó wà láàárọ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Lọ́ládé kúnlẹ̀ sínú eruku. Lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì mí."

Aníwúrà kò yíjú. "Wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n gbà mí."

"Pẹ̀lú bó ṣe rí yẹn?"

"Pẹ̀lú bó ṣe rí yẹn."

Ìyá yíjú wá báyìí, ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí. "Ṣé o rí i? Ṣé mi ò sọ fún ọ? Àwọ̀ kọ́ ni wọ́n ń kà! Ìwọ ló ń pariwo ká gbogbo àdúgbò, ò ń ju bàtà lu ewúrẹ́ oníewúrẹ́—"

"Màmá, A2." Lọ́ládé na ọ̀rá pẹlẹbẹ náà sí i. "A2 nínú ìṣirò. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Aníwúrà wo ọ̀rá náà bí ẹni pé ó ti gbàgbé pé òun ló fi í síbẹ̀. "Kí n sọ kí ni? Inú àpótí lábẹ́ ibùsùn ni mo kó wọn sí, ní ilé bàbá mi n'Íkọ̀yà, ibi tó dáa lójú mi nígbà yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ ni mo ṣí àpótí." Ó fi etí ìró nu ojú. "Èéfín yìí pọ̀ jù. Lẹ́tà tí wọ́n fún ọ dà?"

Lọ́ládé fún un. Aníwúrà nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró kí ó tó gbà á. Lọ́ládé ti ń múra láti túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ti lanu, ìgbà náà ni ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà náà sókè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kò kọsẹ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lóhùn tó dúró ṣinṣin, ó dúró níbi àmì ìdúró, ó gbé ohùn sókè níbi tí orúkọ Lọ́ládé wà, bí ìgbà tí olùkọ́ bá dúró níwájú kíláàsì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Lọ́ládé ti wà pẹ̀lú obìnrin yìí, kò gbọ́ ohùn yẹn rí. Ó bo ojú rẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ti ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin. Ó ti gbé kúlà kúrò lórí àpótí ìjókòó, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àpótí náà.

"Màmá! Níbo lẹ tún ń gbé e lọ?"

"Ibi tó dáa."

Lọ́ládé wo iná tó ń jó, ó wo lẹ́tà tí kò tíì pé ọjọ́ kan, ó mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ dúró ná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!" Ó sáré wọlé, ó da bisikíìtì Judith sórí tábìlì, ó gbé páànù rẹ̀ jáde, ó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fi í sínú rẹ̀, ó kó ìwé tí ikán jẹ náà lé e, ó dé e pinpin, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló di àpótí ìjókòó mú fún ìyá rẹ̀ kó lè gùn ún.